Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ṣé mo lè kọ DNS mi sínú fáìlì?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà. Èmi ni mò ń bá àwọn kan níbí mójú tó orúkọ dómẹ́ènì wọn: ilé ẹ̀kọ́ kan, ilé ìtura kékeré kan, àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń din gaàrí tà. Márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, .bj, ìyẹn ti Bénin, ni méjì nínú wọn. Lóṣù tó kọjá, mo wọ ojú ìwé tí a ti ń ṣe ètò DNS, ìwé atọ́ka tó ń sọ sáfà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà, láti fi àkọsílẹ̀ kan kún ti àwọn ìyá. N kò mọ ohun tí ọwọ́ mi tẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni oníbàárà wọn kan ní Kútọnu tó pè pé òun kọ̀wé, òun ò rí èsì. Mo wò ó, MX, ìlà tó ń sọ ibi tí lẹ́tà ń gbà wọlé, ti pòórá, n kò sì rántí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń kọ DNS wọn sínú fáìlì, kí ẹ̀rọ wá bá wọn gbé e lọ. Ṣé ẹni bíi tèmi lè ṣe é, àbí iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. O lè ṣe é. Bó tilẹ̀ jẹ́ dómẹ́ènì ẹyọ kan ni o ní, n óò ṣì sọ pé kí o kọ ọ́ sí fáìlì, torí pé iye wọn kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. “N kò rántí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀” tí o kọ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ kẹta ni ariwo ta. Bí sáfà ímeèlì bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí dómẹ́ènì kan, MX ló ń kọ́kọ́ bèèrè. Bí kò bá rí MX kankan, kì í yà padà. Àkọsílẹ̀ A tí orúkọ yẹn ní, èyí tó ń sọ ibi tí ìkànnì wà, ló máa ń mú, á lọ kan ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ìkànnì àwọn ìyá ló wà níbẹ̀, sáfà tó ń gbé ìkànnì kì í sì í sábà gba lẹ́tà. Sáfà tó fẹ́ ránṣẹ́ á wá máa lọ máa bọ̀, á máa kànkùn, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi gbìyànjú kí wọ́n tó dá lẹ́tà padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó kọ̀wé rò pé ó ti dé; àwọn ìyá rò pé kò sẹ́ni tó kọ̀wé. Oníbàárà tó gbé fóònù yẹn ṣe yín lóore gidi.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àṣà tuntun ni fáìlì. Kí DNS tó dé rárá, fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ HOSTS.TXT ni àwọn kọ̀ǹpútà orí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì, ń ṣe àdàkọ rẹ̀ láti mọ orúkọ ara wọn. Paul Mockapetris gbé DNS kalẹ̀ ní 1983. Nígbà tí ìwé ìlànà RFC 1034 àti RFC 1035 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1987, bí a ṣe ń kọ fáìlì DNS wà nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ náà la ṣì ń kọ ọ́ títí dòní. Ojú ìwé tí a ń tẹ bọ́tìnì lórí rẹ̀ gan-an ni àlejò.

Ohun tó jẹ́ tuntun díẹ̀ ni irinṣẹ́ tó ń mú fáìlì tìrẹ, tó ń fi wé ohun tó wà lórí sáfà, tó sì ń sọ fún ọ pé ohun báyìí-báyìí ló yàtọ̀, ṣé kí n ṣe é? Méjì tó gbajúmọ̀ jù ni octoDNS, tí GitHub gbé jáde ní 2017, àti DNSControl, tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni Stack Overflow. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Àwọn kan á ní kí o lo Terraform, irinṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń ṣètò sáfà lóríṣiríṣi. Ó lè ṣe é, àmọ́ fún dómẹ́ènì márùn-ún, ó dà bí ẹni gbé ọkọ̀ akẹ́rù lọ ra iyọ̀. octoDNS ni mo ń lò, òun ni màá fi ṣàpẹẹrẹ.

Ìwọ tí o ń gbé Kétu mọ Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín, dáadáa. Láyé ijọ́un, odi àti yàrà ló yí ìlú ká. Àlejò tó bá fẹ́ wọlé, ojú oníbodè ló ń gbà kọjá. Ohun tí fáìlì ń ṣe fún DNS nìyẹn. Lónìí, ìwọ ń gba ojú ìwé kan wọlé, ẹni tó kọ́ ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ ń gba ibòmíràn, ẹnì kan tí ẹ ti gbàgbé orúkọ rẹ̀ ṣì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́. Bí ohun gbogbo bá ń gba inú fáìlì kọjá, ẹ ó mọ ẹni tó wọlé àti ohun tó gbé wọlé.

Fáìlì àwọn ìyá lè rí báyìí. Mo fi .example rọ́pò orúkọ wọn gidi, àwọn nọ́ńbà 192.0.2 yẹn náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, má lọ dà á kọ:

---
'':
- ttl: 3600
  type: A
  value: 192.0.2.10
- ttl: 3600
  type: MX
  values:
  - exchange: meeli.gaari.example.
    preference: 10
- type: TXT
  value: v=spf1 mx -all
meeli:
  type: A
  value: 192.0.2.25
www:
  type: CNAME
  value: gaari.example.

Àmì méjì tí kò sí nǹkan kan láàárín wọn lókè yẹn dúró fún gaari.example fúnra rẹ̀. Àkọsílẹ̀ A ń sọ ibi tí ìkànnì wà, MX ń sọ ẹni tó ń gba lẹ́tà, TXT ń sọ ẹni tó láṣẹ láti fi orúkọ yín kọ̀wé jáde, CNAME sì ń sọ pé ẹni tó bá bèèrè www, kó lọ bá gaari.example. Àyè ṣófo ni kí o fi sún ìlà sínú, má lo bọ́tìnì Tab. octoDNS tún ń fẹ́ kí orúkọ tẹ̀ léra bí a ti ń to ábídí: bí o bá kọ www ṣáájú meeli, ó máa bínú. Ó kọ́kọ́ máa ń sú mi, àmọ́ nígbà tí fáìlì ilé ẹ̀kọ́ kan gùn tó ogójì àkọsílẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú kan ìyẹn.

Wo ìparí meeli.gaari.example. àti gaari.example. dáadáa. Dọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀. Àwa tí a ka ìwé Faransé ń pè é ní point, ará Èkó ń pè é ní dọ́ọ̀tì, ohun yòówù kí o máa pè é, má gbàgbé rẹ̀. Òun ló ń sọ pé orúkọ náà parí síbẹ̀. Nínú fáìlì DNS ti àtijọ́, irú èyí tí BIND, ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ sáfà DNS, ń kà, bí kò bá sí dọ́ọ̀tì, sáfà á rò pé o gé orúkọ kúrú ni, á sì lẹ orúkọ dómẹ́ènì mọ́ ọn nídìí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní kí n gbé ímeèlì wọn lọ sí sáfà tuntun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo ń kánjú lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ. Mo kọ orúkọ sáfà náà láìfi dọ́ọ̀tì parí rẹ̀, BIND sì fi orúkọ dómẹ́ènì kún un lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ayé wá ń wá sáfà kan tí orúkọ rẹ̀ gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, tí kò sì sí níbì kankan. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo tó rí i. Mo fi dọ́ọ̀tì sí i, mo lọ sùn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́tà àwọn kan ń wọlé, ti àwọn míì kò wọlé. Kí ló fà á? Nínú irú fáìlì yẹn, nọ́ńbà kan wà tó ń jẹ́ serial, tí a sábà ń kọ bí ọdún, oṣù, ọjọ́ àti iye ìgbà tí a ti tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Sáfà kejì, tó ń ṣe àdàkọ ti àkọ́kọ́, kì í gba ẹ̀dà tuntun àfi bí nọ́ńbà yẹn bá ga sí i. Mo tún dọ́ọ̀tì ṣe, mo gbàgbé nọ́ńbà. Sáfà kan ń sọ òtítọ́, èkejì ń sọ ti àná. Ọ̀gá ibẹ̀ kò bá mi jà, ó kàn wò mí. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Kí o má rò pé èmi nìkan ni, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, dọ́ọ̀tì tí kò sí níbi tó yẹ ló ba .se, ìyẹn gbogbo orúkọ orílẹ̀-èdè Sweden, jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ tó ń kọ fáìlì náà ni kò fi í síbẹ̀. Lóde òní, bí o bá gbàgbé dọ́ọ̀tì nínú fáìlì octoDNS, kò ní gbé nǹkan kan lọ. Á dúró, á sì sọ àkọsílẹ̀ tó ní àléébù. Ti serial náà sì ti kúrò lọ́rùn rẹ, ilé iṣẹ́ tó ń dáhùn DNS yín ló ń mójú tó ìyẹn.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí o ti kà á díẹ̀díẹ̀. Fún octoDNS, ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò yẹ kó wà lórí sáfà. Bí o bá kọ A àti MX nìkan, tí o sì gbàgbé àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan fi síbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kí àwọn lè lo ímeèlì, octoDNS á pa á rẹ́ láìṣojú àánú. DNSControl náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àyàfi bí o bá sọ fún un pé kó má ṣe é. Nítorí náà, má ṣe fi orí kọ fáìlì àkọ́kọ́. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ octodns-dump: á lọ bá sáfà, á kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wá, á sì bá ọ kọ fáìlì náà. Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Má tíì tún ohunkóhun ṣe nínú rẹ̀, bí o tilẹ̀ rí ìdọ̀tí.

Lẹ́yìn náà, pe octodns-sync. Bí o bá pè é lásán, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, á kàn sọ ohun tí òun ìbá ṣe. Ìgbà tí o bá fi --doit kún un ló tó ń ṣiṣẹ́. Nísàlẹ̀ ohun tó kọ jáde, ìlà kan máa ń wà bí èyí:

Summary: Creates=1, Updates=0, Deletes=7, Existing=12

Mo fẹ́ kí ojú rẹ máa kọ́kọ́ lọ síbi Deletes ṣáájú ohunkóhun. Bí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni o fẹ́ fi kún un, tí o wá rí Deletes=7, gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Nǹkan méje wà lórí sáfà tí fáìlì rẹ kò mọ̀. Ní ti èyí tí mo kọ yìí, octoDNS fúnra rẹ̀ á kọ̀, torí pé bí ohun tó fẹ́ pa rẹ́ bá ju ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó máa ń sọ pé rárá, àfi bí o bá fi agbára mú un. Àmọ́ ìdí tí mo fi ń pariwo rèé: ààbò yẹn kì í ṣiṣẹ́ bí àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò bá tó mẹ́wàá. Fáìlì àwọn ìyá tí mo kọ sókè yìí, márùn-ún péré ló ní. Bí o bá gba ibẹ̀ ṣàṣìṣe, kò sẹ́ni tó máa dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Dómẹ́ènì kékeré ló nílò ojú tó ṣọ́ra jù.

Fi git tọ́jú fáìlì náà. Bí o kò bá tíì lo git rí, ronú rẹ̀ bí ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ: ẹni tó yí nǹkan padà, ọjọ́ tó yí i, ohun tó wà tẹ́lẹ̀, ohun tó di. Níbi tí o bá ti ń ṣàlàyé ohun tí o ṣe, má kọ “mo tún un ṣe”. Kọ “mo gbé MX lọ sí sáfà tuntun, ìyá alága ló ní kí n ṣe é”. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwọ fúnra rẹ ni ìlà yẹn máa gbà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ API, ọ̀rọ̀ ìwọlé tí octoDNS fi ń bá ilé iṣẹ́ tó ń dáhùn DNS yín sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ wọ inú git láé. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lè darí MX yín sí sáfà tirẹ̀, kó máa ka lẹ́tà yín kó tó fi ránṣẹ́ síwájú, ẹ ò sì ní mọ̀. octoDNS gbà kí o kọ env/ síwájú orúkọ kan nínú fáìlì ètò rẹ̀, kó lè lọ mú kọ́kọ́rọ́ náà láti inú kọ̀ǹpútà rẹ, kó má wà nínú fáìlì. Bí ibi tí ẹ wà bá gbà á, ṣe kọ́kọ́rọ́ tí agbára rẹ̀ kò ju dómẹ́ènì kan lọ.

Gbogbo èyí dá lórí pé ilé iṣẹ́ tó ń dáhùn DNS yín ní API, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà bá a sọ̀rọ̀, kí octoDNS sì mọ̀ ọ́n. Bí kò bá ní, kò pọn dandan kí ẹ kó orúkọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín. Ẹni tó ta orúkọ àti ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè DNS lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn .bj méjì tí o ní, abẹ́ ARCEP Bénin, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ni ìforúkọsílẹ̀ wọn wà, ẹnikẹ́ni tí ẹ ti rà á, ẹ̀yin lẹ lè sọ fún un pé kó kọ orúkọ sáfà DNS mìíràn síbi NS, àkọsílẹ̀ tó ń sọ sáfà tó ń dáhùn fún orúkọ náà. Kó gbogbo àkọsílẹ̀ lọ sí ibi tuntun kí ẹ tó yí NS. Mo ti rí ẹni tó yí NS ṣáájú, ó ń wá àkọsílẹ̀ àtijọ́ kiri bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

Nípa TTL, tí o rí i pé mo kọ 3600: ìṣẹ́jú àáyá ni, wákàtí kan nìyẹn. Ó ń sọ fún àwọn sáfà alárinà iye àkókò tí wọ́n lè fi ìdáhùn pamọ́ kí wọ́n tó tún bèèrè. Bí TTL yín bá jẹ́ 86400, ọjọ́ kan gbáko ni. Bí ẹ bá fẹ́ gbé sáfà lọ síbòmíràn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, sọ TTL di 300 láti Ọjọ́bọ̀, kó o jẹ́ kí ti àtijọ́ gbó tán. Ẹni tó bá dín in kù lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù gan-an ti pẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé “kò sí” náà jẹ́ ìdáhùn tí wọ́n ń fi pamọ́. Bí o bá lọ yẹ orúkọ kan wò kí o tó dá a, sáfà á rántí pé kò sí, á sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ lẹ́yìn tí o ti dá a. Dá a ná, kí o tó lọ wò ó.

Ti SPF, ìyẹn TXT tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú v=spf1, kò gùn: ẹyọ kan ṣoṣo ni orúkọ kan gbọdọ̀ ní. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gba iṣẹ́ ímeèlì tuntun tí wọ́n ní kí ẹ fi SPF kan sí i, má kọ èkejì, fi ọ̀rọ̀ wọn kún inú ti tẹ́lẹ̀. Méjì á ba ara wọn jẹ́. Lórí fáìlì, méjèèjì á wà lójú kan náà, wàá rí wọn.

Bí o bá ti gbé nǹkan lọ, má fi ìkànnì tó ṣí lórí fóònù rẹ ṣe ẹ̀rí. Bi sáfà DNS yín fúnra rẹ̀ léèrè pẹ̀lú àṣẹ dig, lẹ́yìn náà kí o bi 8.8.8.8, sáfà DNS Google tí ẹnikẹ́ni lè bi. Bí ti àkọ́kọ́ bá tọ̀nà tí èkejì kò tọ̀nà, TTL ni, lọ jẹun. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tọ̀nà, ìwọ ni.

Ohun méjì wà tí fáìlì kò ní bá ọ ṣe. Kì í san owó ọdún. Kọ ọjọ́ tí orúkọ kọ̀ọ̀kan máa parí sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjì ó kéré tán mọ̀ ọ́n. Èkejì, lọ wo ímeèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín. Bí ó bá jẹ́ ímeèlì tó wà lórí dómẹ́ènì yẹn kan náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ tí DNS bá bàjẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa fi ọ̀nà àtiwọlé ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà kò sì ní wọ̀. Bó bá sì jẹ́ ímeèlì ọmọkùnrin tó kọ́ ìkànnì, tó ti wà ní Kútọnu báyìí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda rẹ̀ nígbà tí àárín yín ṣì gún.

Ilé ìtura ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ máa gba lẹ́tà. Dump, sync lásán, kí o wo ìlà Summary. Fáìlì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá tí o kò tíì fọwọ́ kàn, odo ló yẹ kí Creates, Updates àti Deletes jẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má fi --doit sí i. Da ìlà náà kọ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ohun tó wà lókè rẹ̀, kí o yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú rẹ̀.